Pósítà GIS Day: igun ìsàlẹ̀ máàpù rẹ ni wọn yóò kọ́kọ́ wò

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ. Ẹ̀ka yín fẹ́ ṣe GIS Day, ọjọ́ tí wọ́n ń ṣàfihàn iṣẹ́ máàpù orí kọ̀ǹpútà, nínú oṣù kọkànlá, o fẹ́ gbé pósítà kan síta lórí bí Ìbàdàn ṣe fẹ̀ láti 1990 dé 2020, o ti ń gba àwòrán sátẹ́láìtì Landsat sílẹ̀, o wá fẹ́ mọ ohun tí yóò mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bọ̀ dúró níwájú tìrẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù tó ọ, bí o kò bá ná an tán sórí àwọ̀ àti ọ̀ṣọ́.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kì í kọ́kọ́ wo àárín máàpù. Igun ìsàlẹ̀ lojú rẹ̀ ń lọ: ọjọ́ wo ni wọ́n ya àwòrán yìí, datum wo lo lò (ìpìlẹ̀ tí wọ́n gbé ìwọ̀n máàpù kà), báwo lo ṣe yẹ̀ ẹ́ wò? Bí igun yẹn bá ṣófo, á kí ọ, á sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Má fi tipátipá mú 1990. Àwòrán Landsat 5 tó mọ́ lórí Ìbàdàn ṣọ̀wọ́n. Ṣí EarthExplorer, ibi tí wọ́n ti ń gba àwòrán Landsat lórí ayélujára, wá path 191, row 055 (nọ́ńbà àgbègbè Ìbàdàn nínú ètò Landsat), kí o kọ́kọ́ wo ọdún tó ní àwòrán tó mọ́, kí o tó sọ pé ọdún báyìí ni tìrẹ. Ọdún yòówù tí o bá rí, kọ ọ́ bó ṣe jẹ́, tọjọ́ toṣù. Èyí tí Landsat 7 yà lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún 2003 ní ìlà òfìfo káàkiri, nítorí ẹ̀rọ kan bàjẹ́ nínú rẹ̀. Bí o bá rí òmíràn, òmíràn náà ni kí o lò, kí o fi ti Landsat 7 sílẹ̀. Ní ti oṣù, ìparí oṣù kọkànlá sí oṣù kejìlá ló dára jù: ojú ọ̀run ti là, ewéko kò sì tíì gbẹ tán. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, eruku ọyẹ́ á ti bo ojú ọ̀run, àwọn àgbẹ̀ á sì ti máa dáná sun igbó. Àwọn ọdún tí o ń fi wéra gbọ́dọ̀ wá láti àsìkò kan náà. Ẹni tó fi oṣù kejìlá wé oṣù kẹta, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń wọ̀n, kì í ṣe ìlú.

Nọ́ńbà báǹdì, ìyẹn oríṣi ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí sátẹ́láìtì yà sọ́tọ̀, ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Lórí Landsat 5, báǹdì 3 ni pupa, báǹdì 4 ni near-infrared (ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò rí). Lórí Landsat 8, pupa ti di 4, near-infrared ti di 5. Bí o bá fi 3 àti 4 ṣe NDVI (ìṣirò tó ń fi bí ewéko ṣe pọ̀ tó hàn) fún méjèèjì, àwọ̀ ewé àti pupa lo fi ń ṣírò lórí Landsat 8, gbogbo igbó Ìbàdàn á sì dà bí ilẹ̀ tó pá. Fáìlì Landsat tí wọ́n ń pè ní Collection 2 Level-2 tún ní tirẹ̀: o ní láti fi 0.0000275 sọ nọ́ńbà inú rẹ̀ di púpọ̀, kí o wá yọ 0.2 kúrò. Ìsọdipúpọ̀ yẹn máa ń pa ara rẹ̀ rẹ́ nínú NDVI, ṣùgbọ́n 0.2 náà kì í pa rẹ́. Bí o bá fò ó, èsì rẹ á kéré ju bó ṣe yẹ lọ níbi tí ewéko bá wà, o kò sì ní mọ ìdí.

Ìbàdàn tún ní ìṣòro kan tí àwọn fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kì í mẹ́nu kàn. Ní Bẹẹrẹ àti ní àyíká Mápó, páànù tó ti dógùn-ún ní àwọ̀ kan náà pẹ̀lú ilẹ̀ pupa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro. Kọ̀ǹpútà á máa pe oko ní ilé, á sì máa pe ilé ní oko. Má ṣe kó gbogbo ilé sí kíláàsì (ìsọ̀rí) kan nígbà tí o bá ń fi àpẹẹrẹ kọ́ kọ̀ǹpútà. Ya páànù àtijọ́ sọ́tọ̀, ya páànù tuntun tó ń dán sọ́tọ̀, ya títì ọlọ́dà sọ́tọ̀, kí o wá pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan lẹ́yìn náà. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún ilẹ̀ tí wọ́n ro àti ilẹ̀ tí iná jó. Ó máa gbà ọ́ tó ọjọ́ méjì. Mo bẹ̀ ọ́, má fi ọjọ́ méjì yẹn du iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn èyí, yẹ iṣẹ́ rẹ wò pẹ̀lú ojúàmì tuntun, ìyẹn àwọn ibi tí o mọ ohun tó wà níbẹ̀ dájú, ó kéré tán 50 fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, tí kò sí ọ̀kankan nínú èyí tí o fi kọ́ kọ̀ǹpútà láàárín wọn. Fi confusion matrix náà, tábìlì tó ń fi ibi tí kọ̀ǹpútà ti gbà á àti ibi tó ti ṣì í hàn, sórí pósítà, kódà bó bá jẹ́ 82 nínú ọgọ́rùn-ún ló tọ̀nà. Ẹni tó gbé 98 síta ni wọn yóò bi léèrè bóyá ojúàmì kan náà ló lò lẹ́ẹ̀mejì. Fún ọdún àtijọ́, má sọ pé Google Earth lo fi yẹ̀ ẹ́ wò: ohun tó wà níbẹ̀ fún ìgbà yẹn, Landsat náà ni.

Ààlà ìlú ńkọ́? Bí o bá dúró sí ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún àárín ìgboro, o kò ní rí ìlú tó ń fẹ̀, torí ó ti kún tipẹ́. Akinyẹle, Ẹgbẹda, Ido, Lagelu, Oluyọle àti Ọna-Ara ni kí o wò. Fáìlì ààlà wọ̀nyí sábà máa ń wá ní ìwọ̀n digiri, nọ́ńbà EPSG (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ètò ìwọ̀n máàpù) 4326. Sọ wọ́n di 32631, ìyẹn WGS 84, UTM zone 31N, tó ń lo mítà, kí o tó wọn ilẹ̀. Nínú QGIS, sọ́fúwíà tí a fi ń ya máàpù, “Reproject Layer” ni kí o lò. “Set Layer CRS” kàn ń yí orúkọ padà ni, kò yí nọ́ńbà kankan. Bí o bá sì fẹ́ lo máàpù ìjọba àtijọ́, Minna datum ló wà lórí rẹ̀, 26331 ni nọ́ńbà rẹ̀ bó bá jẹ́ UTM. Pè é ní WGS 84, títì rẹ á ṣí kúrò ní ààyè rẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ, ìyẹn ju pixel Landsat mẹ́ta. Pixel kan, ìyẹn ojú kékeré kan nínú àwòrán, jẹ́ mítà 30 níbùú, mítà 30 lóròó, ìyẹn 0.09 hẹ́kítà.

Títẹ̀ pósítà kò le. A1 tó. Kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sórí A4: bí o bá lè ka gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, èèyàn á ka A1 láìfara mọ́ ọn. Nínú irú fáìlì máàpù, lo GeoPackage dípò shapefile, pàápàá nítorí orúkọ àwọn ìlú wa. Shapefile máa ń gé orúkọ òpó tábìlì (column) tó bá ju lẹ́tà mẹ́wàá lọ, bí encoding rẹ̀ (bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tọ́jú lẹ́tà) kò bá sì jẹ́ UTF-8, ẹ, ọ àti ṣ á di àmì ìbéèrè. Fọ́ǹtì Noto Sans gbé àmì ohùn wa dáadáa. Ó ń dùn mí tí mo bá rí “Ogbomoso” láìní àmì lórí máàpù tí ọmọ Yorùbá yà.

Ní ọjọ́ náà, tọ́jú gbólóhùn mẹ́ta sẹ́nu: ohun tí o wọ̀n, bí o ṣe yẹ̀ ẹ́ wò, ibi tí kò ti dá ọ lójú. Bí ilé-iṣẹ́ iná tàbí àjọ ìlera bá bi ọ́ ohun tí o mọ̀ ọ́n ṣe, má kàn dárúkọ sọ́fúwíà. Sọ pé o lè gba àdírẹ́sì ẹgbẹ̀rún kan nínú Excel, kí o tún un ṣe, kí o gbé e sórí máàpù; pé o mọ QField, áàpù orí fóònù, fún iṣẹ́ ìgboro; pé o ti ń kọ́ SQL, èdè tí a fi ń bi àkójọ dátà ní ìbéèrè, bí òótọ́ bá ni. Má pe ara rẹ ní sọ́fíyọ̀. Sọ́fíyọ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SURCON, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ sọ́fíyọ̀ ní Nàìjíríà, nìkan ló lè fọwọ́ sí pílánì ilẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ilẹ̀ kì í sì fi èyí ṣeré.

Kí o tó lọ tẹ̀ ẹ́, gbé àwòrán rẹ̀ síbí pẹ̀lú igun ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti confusion matrix náà. Màá wò ó.