Kí ló dé tí wọ́n fi sìnkú ọmọlangidi lórí ìtàgé?

Ẹnìkan béèrè pé: ní New York ní ọdún 1939, àwọn òṣèré tẹ́ Pinocchio, ọmọlangidi inú ìtàn àwọn ọmọdé, sínú pósí lójú àwọn òǹwòran. Ṣé àṣà àwọn òyìnbó ni, àbí eré lásán?

Àṣà ni, ó sì ti pẹ́. Bí inú bá bí àwọn ará Amẹ́ríkà sí ìjọba, wọ́n a máa ṣòkú ohun tí ìjọba gbà lọ́wọ́ wọn. Ní 1765, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ máa gba owó òǹtẹ̀ lórí ìwé, àwọn ará Wilmington ní North Carolina ṣe ère Òmìnira, wọ́n gbé e sínú pósí, wọ́n fi ìlù sìn ín lọ sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Kí wọ́n tó bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ní iṣan rẹ̀ ṣì ń sọ. Ọ̀fọ̀ di àríyá.

Pinocchio ní tirẹ̀ kò jí.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn 1929, ìjọba Ààrẹ Roosevelt gba àwọn òṣèré tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ síṣẹ́ ní 1935, bó ṣe gba àwọn ayàwòrán. Hallie Flanagan ni olórí wọn. Yasha Frank ló sọ ìtàn Pinocchio di eré orí ìtàgé ní Los Angeles, wọ́n sì gbé e dé gbọ̀ngàn Ritz ní New York. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣe é jẹ́ aláwàdà àti oníjó àtijọ́ tí sinimá ti gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Ibẹ̀ ló ti ń dùn mí jù. Ìtàn igi tó di ènìyàn ni wọ́n ń ṣe lálaalẹ́, àwọn fúnra wọn sì ni igi náà: owó iṣẹ́ yẹn ló sọ wọ́n di ènìyàn padà lójú onílé àti lójú ọmọ wọn.

Àwọn aṣòfin kan ní ọ̀rọ̀ kọ́múníìsì ló kún inú eré wọn, Ilé Aṣòfin sì dá owó náà dúró. Lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, Pinocchio, tó yẹ kó di ọmọ ènìyàn, tún padà di igi. Ẹni tó bá ti pa àlọ́ fún ọmọdé rí mọ̀ pé wọn kì í gbà kéèyàn yí ìparí rẹ̀ padà. Àwọn òṣèré yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìtàgé wó ohun gbogbo lulẹ̀ níṣojú òǹwòran, àwọn òṣèré sì gbé Pinocchio sínú pósí igi páìnì, èyí tí wọ́n fi ń sin tálákà lọ́hùn-ún. Ní Tuscany, ní ilẹ̀ Ítálì, tí ìtàn náà ti wá, kóró èso páìnì ni wọ́n ń pè ní pinocchio.

Ohun tí wọ́n kọ sára pósí ló gbé ìtumọ̀ gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú ni àwọn òyìnbó máa ń kọ síbẹ̀. Wọn kì í kọ orúkọ ẹni tó pa òkú. Àwọn wọ̀nyí kọ ọ́: “A bí i ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá 1938, òfin Ilé Aṣòfin pa á ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 1939.”

Oṣù mẹ́fà àti ọ̀sẹ̀ kan ló lò láyé.