Ẹ Bi Bàbá Tíṣà: Ta Ni Àwọn Von der Groeben?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Kẹ́hìndé ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, nílẹ̀ Jámánì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń rìn lọ létí odò Spree bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ló bá ní wọ́n ti yí orúkọ etí odò yẹn padà, torí pé ẹni tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ nínú òwò ẹrú. Von der Groeben ni orúkọ ọ̀hún. Èmi ò mọ̀ pé àwọn ará Jámánì náà kó ẹrú nílẹ̀ wa. Ṣé ìdílé ọba ni wọ́n? Kí ni "von" yẹn? Ṣé ó sì tọ́ kí wọ́n yọ orúkọ òkú kúrò bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹbí rẹ̀ ṣì wà láyé?
Ìyá Ìbejì, Àjàrá, Àgbádárìgì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ o. Ọlọ́run á mú Kẹ́hìndé padà wálé láyọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú "von" ṣáájú. "Láti" ni ìtumọ̀ rẹ̀, orúkọ ibì kan ló sì máa ń tẹ̀ lé e. Von der Groeben, ará Gröben nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí a ṣe lè pè yín ní Ìyá Ìbejì ará Àjàrá. Àmọ́ ẹ̀yin ń gbé Àjàrá ni. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jẹ́ von ló jẹ́ pé àwọn baba wọn ló ni ilẹ̀ ibẹ̀. Àwọn tó ń dáko lórí ilẹ̀ náà ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún wọn, wọ́n sì tún ń bá wọn ṣiṣẹ́ láìgba owó.

Wọn kì í ṣe ọba. Ọlọ́lá kéékèèké ni wọ́n, àwọn tí olórí ilẹ̀ ń pè sójú ogun, tó sì ń fi ṣe alákòóso àgbègbè. Ọ̀nà méjì làwọn ará Jámánì pín irú wọn sí: Uradel ni àwọn tí ọlá wọn ti wà kí ọdún 1400 tó dé, Briefadel ni àwọn tó gba ìwé ọlá lọ́wọ́ olórí ilẹ̀. Uradel làwọn Groeben. Ẹ̀ka wọn kan wà ní Prussia, ilẹ̀ kan tó wà lábẹ́ àwọn ará Jámánì láyé àtijọ́, àwọn kan gba oyè Graf, oyè ọlọ́lá tó ga, nígbà tó yá, ọ̀gágun sì jáde nínú wọn.

Ọmọ wọn kan ló gbé orúkọ wọn dé etíkun wa. Otto Friedrich ló ń jẹ́. Ọ̀dọ́ ni nígbà tó ti rìnrìn àjò dé Jerúsálẹ́mù. Nígbà yẹn, Friedrich Wilhelm, olórí ilẹ̀ Brandenburg ní Jámánì, ń wo èrè tí àwọn Dutch ń jẹ lórí òkun, ojú rẹ̀ sì wọ̀ ọ́. Ó dá ilé iṣẹ́ òwò sílẹ̀ ní 1682 nítorí ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì fi Otto Friedrich ṣe olórí ọkọ̀ ojú omi méjì, Kurprinz àti Morian. Ẹ kíyè sí orúkọ ìkejì: bí wọ́n ṣe ń pe ènìyàn dúdú nìyẹn.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1683, ó ri àsíá Brandenburg mọ́ orí òkè kan ní Pokesu, nílẹ̀ àwọn Ahanta, ibi tí wọ́n ń pè ní Princes Town lónìí ní ìwọ̀ oòrùn Gánà. Òkun kan náà tó ń fọ ẹsẹ̀ Gberefu ló ń fọ ibẹ̀. Odi tí wọ́n kọ́ síbẹ̀, Groß Friedrichsburg, ṣì dúró títí di òní. Àìsàn pa púpọ̀ nínú àwọn tó bá a lọ. Òun alára kò pẹ́ níbẹ̀. Ó padà sílé, wọ́n fi í ṣe alákòóso Marienwerder, ó kọ ìwé ìrìn àjò rẹ̀ jáde ní 1694, ó sì kú ní 1728. Inú ilé ìsìn ńlá ìlú náà ni wọ́n sin ín sí. Poland ló ni ìlú yẹn báyìí, Kwidzyn ni wọ́n ń pè é.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni odi náà wá di ojúbodè ìbànújẹ́ gan-an. Láti 1685, Denmark gba ilé iṣẹ́ náà láyè láti máa ṣòwò ní erékùṣù St. Thomas, níhà kejì òkun. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ènìyàn ni ọkọ̀ wọn kó kọjá òkun.

Ohun tó máa ń dùn mí jù nínú ìtàn yìí nìyí. Ní 1717, ọba Prussia tó wà lórí ìtẹ́ nígbà náà, ọmọ ọmọ Friedrich Wilhelm olórí Brandenburg yẹn, ní owó ohun ìjà lòun ń wá, òun ò fẹ́ òkun mọ́. Ó ta odi náà fún àwọn Dutch. Owó rẹ̀ jẹ́ 7,200 ducat, owó wúrà ìgbà yẹn, pẹ̀lú ọmọ dúdú 12 lé e lórí. Méjìlá! Bí ẹni ń gba èènì lọ́jà Agbálátà. Mo máa ń kọ iye yẹn sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, màá sì dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Àmọ́ nígbà tí àwọn Dutch dé láti gba ohun tí wọ́n rà, olórí ọmọ Áfíríkà kan wà nínú odi, Jan Conny. Ó ní wọn ò ní wọlé. Ó di odi náà mú títí di 1724 kí wọ́n tó rí i gbà. Ọmọ kíláàsì mi kan wà tó máa ń ní kí n tún ibi Jan Conny sọ, kódà nígbà tí agogo bá ti lù.

Ní 1895 ni Berlin fi orúkọ Groeben sọ etí odò yẹn, nígbà tí Jámánì ti ń kó ilẹ̀ Áfíríkà jọ, tó ń wá akọni àtijọ́ tí yóò máa fi yangàn. Ẹ wò ó, òkú náà ti lo ọdún 167 nínú sàréè kí wọ́n tó fún un ní orúkọ yẹn. Ìjọba ló gbé e kọ́ ọ lọ́rùn, kì í ṣe ogún ẹbí. Ní 2010, wọ́n sọ ọ́ di May-Ayim-Ufer. Obìnrin akéwì ni May Ayim, ọmọ Gánà ni baba rẹ̀, ọmọ Jámánì ni ìyá rẹ̀. Ó kú ní 1996. Wọ́n gbé pátákó síbẹ̀ tó sọ ìtàn ìdí tí wọ́n fi yí orúkọ náà padà.

Èmi ní tèmi, Ìyá Ìbejì, mo ní ó tọ́. Kò sẹ́ni tó gba orúkọ lọ́wọ́ ẹbí. Òfin 1919 tó fòpin sí àǹfààní àwọn ọlọ́lá ní Jámánì gan-an jẹ́ kí "von" wà nínú orúkọ wọn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ilẹ̀ wọn ní Prussia bọ́ lọ́wọ́ wọn, òwò ẹrú kọ́ ló fà á. Ohun tó kúrò ni ìyìn ojú pópó.

Ẹ rántí tiwa náà. Ẹ̀yin náà mọ ilé ìdílé Mobee. Baba wọn bá aláwọ̀ funfun ṣòwò ẹrú, ìdílé náà kò sì ju ṣẹkẹṣẹkẹ náà sínú ọ̀sà. Wọ́n kó o jọ, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Nígbà tí mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ síbẹ̀ nígbà kan, ọmọbìnrin kan gbé ọ̀kan nínú irin náà, ó wò ó, ó ní, "Tíṣà, ọwọ́ ọmọdé ló kéré tó báyìí." N kò rí èsì kankan fún un. Mo ṣì jẹ ẹ́ lésì títí di òní.

Ẹ bá mi bẹ Kẹ́hìndé: bó bá tún gba etí odò yẹn kọjá, kó ya fọ́tò pátákó náà fún mi, kó sún mọ́ ọn dáadáa kí ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ lè hàn. Mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò lọ́jọ́ Sátidé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Ẹ̀gbẹ́ àwòrán odi Pokesu ni màá lẹ̀ ẹ́ mọ́.