Ọmọ ọdún mọ́kànlá ní Zurich: ẹ tètè bèèrè nípa kíláàsì kẹfà

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ o, ìyá ọmọ méjì. Ẹ ní iṣẹ́ bàbá wọn ń gbé yín lọ sí Zurich ní Switzerland lóṣù kẹjọ, pé àbúrò ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti ṣe WAEC, pé ilé-ìwé wo ni kí ẹ fi wọ́n sí. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn ló kó mi láyà sókè. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Àyìndé tèmi náà nígbà tí a dé ibẹ̀ láti Ìbàdàn.

Ilé-ìwé ìjọba kì í ṣe ohun tí òbí ń yàn. Ẹ forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì àdúgbò kí ọjọ́ 14 tó pé, ibi tí ẹ bá ń gbé ni wọ́n á fi pín in sí ilé-ìwé, ọ̀fẹ́ sì ni. Ìyẹn ò le.

Ọdún mẹ́fà ni alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn. Ní kíláàsì kẹfà, lóṣù kẹta, ìdánwò kan wà tí wọ́n ń pè ní ZAP: èdè Jámánì àti ìṣirò. Ẹni tó bá yege á wọ Langgymnasium, ilé-ìwé girama tó ń múra ọmọ sílẹ̀ fún yunifásítì, fún ọdún mẹ́fà, á gba Matura, ìwé-ẹ̀rí tó ń ṣílẹ̀kùn yunifásítì. Àwọn tó kù á lọ sí Sekundarschule fún ọdún mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti pín wọn sí A, tó ga jù, àti B, níbòmíràn C pẹ̀lú. Kò sí olùkọ́ kan tó pè mí jókòó kó ṣàlàyé èyí. Wọ́n fi Àyìndé sí kíláàsì karùn-ún, wọ́n ní ibẹ̀ ni ọjọ́ orí rẹ̀ wà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn! Mi ò mọ̀ pé oṣù mọ́kàndínlógún péré ló kù fún un láti gbọ́ Jámánì dé ibi tó ti lè fi kọ àròkọ.

Ipò kìíní ló ń gbà nínú ìṣirò nílé. Lálẹ́ ọjọ́ kan tó ń fi ìbéèrè ọdún àtijọ́ múra, ó jókòó ti ìwé náà, kò kọ nǹkan kan. Mo ní kí ló dé. Ó fi ìka lé ọ̀rọ̀ kan, «Vorrat». Mo wá a: oúnjẹ tí a kó pamọ́ ni. Àgbẹ̀ kan ní koríko tó máa tó màlúù 12 jẹ fún ọjọ́ 30, ó ta méjì, ọjọ́ mélòó ni koríko náà máa gbé e báyìí? Bí mo ṣe sọ ọ́ ní Yorùbá tán ni Àyìndé ní ọjọ́ 36. Lọ́jọ́ ìdánwò ńkọ́, ta ni yóò sọ ọ́ ní Yorùbá fún un? Kò yege.

Olùkọ́ rẹ̀ wá pè wá, ó ní B ló yẹ ẹ́, pé ọmọ tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ ni. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn, pé mo gbà. Ẹ̀yin, ẹ béèrè lójú wọn: ṣé Jámánì ló dá a dúró ni, àbí òye? Ẹ ní kí wọ́n kọ èsì náà sílẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pàápàá, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi í sí kíláàsì kẹrin, kí ó lè ní ọdún kan sí i. Ẹ gba gbogbo wákàtí DaZ tí wọ́n bá fún un, àfikún ẹ̀kọ́ Jámánì ni. Jámánì tí àwọn ọmọ ń sọ níta kì í ṣe ti inú ìwé, ẹ má jẹ́ kí ó tàn yín pé ó ti gbọ́ ọ. Ilẹ̀kùn kejì tún wà: láti ọdún kejì tàbí ìkẹta Sekundarschule, ọmọ lè ṣe ìdánwò Kurzgymnasium, ọdún mẹ́rin, tó ń dé Matura náà. Ẹ̀yìn ìgbà tó ti kọjá ni mo gbọ́.

Ẹ má sì tìtorí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú tó dínwó yọ ọmọ níléèwé kí ìsinmi tó dé. Jokertag méjì lófin fún ọmọ lọ́dún, tí ẹ lè lò láìsọ ìdí. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ lè san owó ìtanràn.

Lehre ni Àyìndé padà ṣe, ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ló ń gba ọ̀nà yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́! Mo kà á, mẹ́tàlélógójì, kí ẹnì kan tó gbà á. Ó fi ọdún mẹ́rin kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná, ó ṣe Berufsmaturität, irú Matura tí àwọn oníkọ̀ṣẹ́ ń gbà, ó ti wà ní ZHAW, yunifásítì ìmọ̀ iṣẹ́ kan, ní Winterthur báyìí. Iṣẹ́ gidi ni, kì í ṣe ìtìjú rárá. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ yàn án ni mo ń wí.

Ti ọmọbìnrin yín, díẹ̀ ló kù kí n gbàgbé. WAEC nìkan kò lè gbé e wọ ETH, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Zurich, ìdánwò àbáwọlé wà, Jámánì sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọdún àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ máásítà níbẹ̀. Tó bá ti ríbi wọlé ní yunifásítì nílé, kí ó parí rẹ̀ ná. Owó ETH jẹ́ 730 fránkì fún sáà kan, ṣùgbọ́n láti ìgbà ìwọ́wé 2025, ìlọ́po mẹ́ta ni fún àjèjì tó jẹ́ pé ìwé-kíkà ló gbé e wá. Ẹ bèèrè irú ìwé ìgbélùú tí wọ́n máa fún un.

Kíláàsì wo ni àbúrò wà báyìí, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ Jámánì?