Band 5 ni mo wà nígbà tí mo ra ilé mi ní Ìlú Ọba

Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè tó o bi wá. O ní ọmọ ọdún 27 ni ẹ́, nọ́ọ̀sì Band 5 (ìpele owó oṣù tí nọ́ọ̀sì ti ń bẹ̀rẹ̀) ní NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba, ọdún kejì ẹ rèé níbí, físà iṣẹ́ lo ṣì ń lò, owó ẹ ò ju nǹkan bíi £31,000 lọ́dún, ṣé báńkì kankan lè fún ẹ ní mọ́gẹ́ẹ̀jì, ìyẹn owó tí wọ́n ń yáni láti ra ilé, àbí kó o máa san háyà lọ títí wàá fi gba ILR, ìwé àṣẹ láti máa gbé níbí títí lọ. Wọ́n á fún ẹ. Nọ́ọ̀sì lèmi náà, ibi tó o wà yìí gan-an ni mo wà nígbà tí mo ra tèmi ní Stoke-on-Trent, èmi nìkan, kò sí ọkọ tó bá mi dáwó.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò ẹ̀ ná. Ọ̀pọ̀ báńkì kì í yáni ní owó tó ju ìlọ́po mẹ́rin ààbọ̀ owó ọdún ẹni lọ, tìẹ á jẹ́ bíi £139,500. Má wo London rárá. Àmọ́ ní Stoke, ní Hull, ní Sunderland, o ṣì máa rí terraced house (ilé tó so mọ́ ara wọn ní ìlà) oníyàrá méjì tí owó ẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀, ọsibítù sì wà níbẹ̀. Ká ní £120,000 ni ilé, o ní £12,000 lọ́wọ́, wọ́n yá ẹ ní £108,000 tó kù, tí èlé bá jẹ́ 5%, wàá máa san bíi £545 lóṣù tó o bá fi ọdún 35 san án, bíi £631 tó bá jẹ́ ọdún 25. £86 ló wà láàárín ẹ̀, ó dà bíi pé kò tó nǹkan, àmọ́ tó o bá san án dé òpin, ti ọdún 35 yẹn á fi ohun tó ju £39,000 lọ ju tọdún 25. Ọlọ́jọ́ gígùn ni mo mú kí n lè rí ọ̀nà mí, mo wá ń san lé e nígbàkígbà tí mo bá ṣe bank shift, ìyẹn iṣẹ́ àfikún ní ọsibítù. Ọ̀pọ̀ báńkì ló máa gbà kó o san tó 10% gbèsè tó kù lé e lọ́dún láìgba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹ.

Ohun tó wá fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, kì í ṣe owó oṣù rárá, àjọ ni. Lọ́yà ní kí n kó sítéétìméǹtì oṣù mẹ́fà wá, ó rí £3,000 tó wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo látọwọ́ obìnrin kan tí orúkọ ẹ̀ ò jọ tèmi, ó ní owó kí lèyí. Àwa mẹ́wàá là ń dá a, kálukú ń mú £300 wá lóṣù, èmi ló kàn láti kó o. Òfin ló mú lọ́yà lọ́ranyàn pé kó mọ ibi tí owó ilé ti wá, kó má bàa jẹ́ owó tí wọ́n jí, kò sì lè gbé ẹsẹ̀ síwájú títí ohun tí mo bá sọ á fi yé e, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń talé ti ń sọ fún agent pé òun máa tà á fẹ́lòmíì. Ohun tó yọ mí ni pé inú báńkì ni gbogbo wa ti ń dá a, kò sẹ́ni tó ń fún ìyá alájọ lówó lọ́wọ́. Mo fàlà sábẹ́ gbogbo £300 tó ti jáde lọ́dọ̀ mi, màmá yẹn náà kọ lẹ́tà, ó to orúkọ wa àti oṣù tí kálukú kó tiẹ̀, ó buwọ́ lù ú, ó fi ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ tì í. Lọ́yà gbà á. Ọlọ́run á bá mi san án fún màmá yẹn o.

Torí náà má fi àjọ sílẹ̀, òun ló jẹ́ kí n ní dìpọ́síìtì, ìyẹn owó tèmi tí mo kọ́kọ́ fi sílẹ̀ lórí ilé, àmọ́ báńkì ni kó o máa fi dá a, kó o máa kọ “ajo” sí i lóṣooṣù, kó o sì tọ́jú lísìtì yín. Bó ṣe rí náà nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n tàbí bàbá ẹ bá fẹ́ fún ẹ lówó kún un: wọ́n á ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀bùn ni, pé òun ò ní gbà á padà, pé òun ò ní ìpín nínú ilé yẹn, wọ́n á sì tún béèrè sítéétìméǹtì tiẹ̀ náà. Tó bá jẹ́ Nàìjíríà lowó yẹn ti ń bọ̀, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ìwé ẹ̀.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ò mọ̀ rèé o: ṣé orúkọ ẹ wà lára ilé kankan nílé? Kódà kó jẹ́ ilé bàbá yín tí wọ́n pín fún yín lẹ́yìn ìsìnkú. Tó bá wà níbẹ̀, lójú òfin ìhín o kì í ṣe ẹni tó ń ra ilé àkọ́kọ́ mọ́. Ẹni tó ń ra ilé àkọ́kọ́ ní England kì í san stamp duty, ìyẹn owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ríra ilé, lórí ilé tí kò ju £300,000 lọ, àǹfààní yẹn á bọ́ lọ́wọ́ ẹ, Lifetime ISA, àkáǹtì ìfowópamọ́ tí ìjọba ń fi owó kún, náà ò sì ní ṣeé lò fún ilé. Sọ òótọ́ fún lọ́yà ẹ, má fi pa mọ́.

Ti físà, àwọn báńkì kan á ní kó o mú dìpọ́síìtì ńlá wá, àwọn míì á ní kó o kọ́kọ́ pẹ́ díẹ̀ sí i nílùú, àwọn míì á gba dìpọ́síìtì 10% owó ilé. Èyí tí mo kọ́kọ́ lọ bá kọ̀ jálẹ̀, òmíì gbà mí. Wá brókà, ìyẹn ẹni tó ń báni wá báńkì tó máa yáni lówó, tó ti bá àwọn onífísà ṣe é rí, kó o má bàa máa kọ fọ́ọ̀mù káàkiri, torí gbogbo ibi tó o bá kọ fọ́ọ̀mù sí ló máa hàn lára àkọsílẹ̀ gbèsè ẹ. Lọ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò náà, ọmọ Commonwealth ni wá, a lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ó sì máa ń jẹ́ kí àkọsílẹ̀ yẹn dáa sí i. Tó o bá rí ilé, san owó survey tìrẹ, ìyẹn àyẹ̀wò bí ilé náà ṣe rí, torí èyí tí báńkì ṣe, ti báńkì ni. Àwọn terraced house àtijọ́ yìí, ògiri wọn máa ń fa omi gan-an.

Lifetime ISA yẹn ni kó o kọ́kọ́ ṣe. Ẹni ọdún 18 sí 39 ló lè ṣí i, o lè fi tó £4,000 sí i lọ́dún, ìjọba á sì fi £1,000 kún un. Ilé tó o fẹ́ fi rà ò gbọ́dọ̀ ju £450,000 lọ. Má fi owó tó o lè nílò fún nǹkan míì síbẹ̀ o: tó o bá fi £4,000 sí i tí ìjọba sọ ọ́ di £5,000, tó o wá yọ ọ́ fún ohun tí kì í ṣe ilé, £3,750 ni wọ́n máa kó fún ẹ. Ọdún kan gbáko sì gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn tówó àkọ́kọ́ bá ti wọ ibẹ̀ kó o tó lè fi ra ilé, torí náà kódà kó jẹ́ £1 lo ní lónìí, fi ṣí i, kí ọdún yẹn ti máa kà.