Hilux Mi Ń Fà sí Ọ̀tún, Ó sì Ń Fì Bí Mo Bá Sáré

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Hilux ni mo fi ń kó sìmẹ́ńtì láti Òṣogbo lọ sí Ìkìrun. Ó ń fà sí ọ̀tún, bí mo bá sì sáré díẹ̀, ṣe ló ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo ti ṣe àláìnmẹ́ǹtì, ìyẹn títo táyà kí wọ́n lè kọjú síwájú tààrà, lẹ́ẹ̀mejì, kò yí padà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrìn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Bí nǹkan bá ti dẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, kí ẹ tó dé Òkè-Baálẹ̀ nínú Òṣogbo níbẹ̀, àláìnmẹ́ǹtì yẹn ti yẹ̀. Fífà àti fífì kì í sábà ní ìdí kan náà, nítorí náà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ó wá wọn.

Táyà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ẹ wọn afẹ́fẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iye tó yẹ wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Lẹ́yìn náà, kí fọkanáísà pààrọ̀ táyà iwájú méjèèjì, ti ọ̀tún sí òsì, àyàfi tí táyà bá ní àmì ọfà. Bí ọkọ̀ bá wá ń fà sí òsì, táyà ló ń dà yín láàmú. Ẹ rántí pé láti 1972 tí a ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ tí títì dagẹ̀rẹ̀ sí kí omi òjò lè ṣàn lọ la máa ń wà. Kí ọkọ̀ tẹ̀ sí ọ̀tún díẹ̀díẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Èyí tó ń já sítíárìn gbà lọ́wọ́ yín ni àìsàn.

Tí kì í bá ṣe táyà, ẹ wa ọkọ̀ náà lọ díẹ̀ láìtẹ bíréèkì púpọ̀, kí ẹ dúró, kí ẹ sún ọwọ́ mọ́ ríìmù iwájú méjèèjì. Ẹ má fọwọ́ kàn án o, ó lè jó yín. Bí ti ọ̀tún bá gbóná ju ti òsì lọ dáadáa, bíréèkì ibẹ̀ kò tú sílẹ̀: kálípà, irin tó ń fún bíréèkì mọ́ra, ti gan, tàbí hóòsì rẹ̀, rọ́bà tí omi bíréèkì ń gbà, ti dí nínú.

Ní ti fífì, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa yí sítíárìn díẹ̀díẹ̀ lọ sọ́tùn-ún sósì, kí ọkọ̀ wà nílẹ̀, kí ẹ sì máa wo abẹ́ rẹ̀. Oríkèé tó bá ń mì kí táyà tó yí ni kí ẹ pààrọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ gbé iwájú sókè, kí ẹ fi nǹkan tó dúró ṣinṣin tì í. Jáàkì nìkan kò tó. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì ín: bí ó bá ń mì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì (oríkèé tó di ẹsẹ̀ táyà mú) tàbí bẹ́rìn (ohun tí táyà fi ń yí) ni. Bí ẹ bá dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì tó sì ń mì, tairọ́ọ̀dù, ọ̀pá tí sítíárìn fi ń yí táyà, ni.

Ẹ̀yìn ni àwọn ènìyàn kì í wò, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin ń kó sìmẹ́ńtì! Yúbóòtù, bóòtù tí wọ́n tẹ̀ bíi lẹ́tà U, ló di sípíríìngì mọ́ ásù ẹ̀yìn, irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Bí ó bá dẹ̀, tí sẹ́ńtà bóòtù tó gba àárín sípíríìngì kọjá sì gé, ásù á sún, ọkọ̀ á máa rìn ní ìbú bí alákàn, kò sí àláìnmẹ́ǹtì iwájú tó lè tún un ṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ yúbóòtù: bí ẹ bá rí ìpẹta pupa tó ń ṣàn, tàbí ibi tí irin ti ń ha irin títí tó fi ń dán, ọ̀rọ̀ wà ńbẹ̀. Kí ó lè dá yín lójú, ẹ to sítíárìn tààrà, kí ẹ fi okùn wọn àárín táyà iwájú dé àárín ti ẹ̀yìn, lápá méjèèjì. Ìyàtọ̀ díẹ̀ kò burú. Bí ó bá ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ, ẹ ṣí sípíríìngì yẹn wò.

Ẹrù tí ẹ kó sẹ́yìn jù náà ń gbé iwájú fúyẹ́, sítíárìn á sì fúyẹ́ lọ́wọ́ yín jù. Ẹ to àpò sìmẹ́ńtì sún mọ́ ibi ìjókòó dírẹ́bà, kí ó má sì ju ohun tí ọkọ̀ lè gbé.

Nígbà tí gbogbo èyí bá ti dúró ṣinṣin, ẹ wá lọ ṣe àláìnmẹ́ǹtì. Tí ẹ bá pààrọ̀ yúbóòtù, kí mẹkáníìkì tún un dì lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi kó ẹrù bí ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì, nítorí tuntun máa ń dẹ̀ díẹ̀.