Àbúrò mi fẹ́ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ nígbà tí owó ń wọlé: ṣé wọn ò ní gba owó lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, Agbẹjọ́rò. Kétu ní Bẹ̀nẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi gan-an, ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun nílẹ̀ Faransé, ní líìgì kejì. Ọmọ ọdún 26 ni, ó sì ku ọdún méjì kí àdéhùn rẹ̀ parí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló pè mí lóru, ó ní bí sáà yìí bá ti parí, òun ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Kò ṣèṣe, wọn ò lé e, owó ń wọlé déédéé. Bàbá wa ní iṣẹ́ ayé ni, kí n wá bí a ṣe máa mú un wálé kí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀. Èmi fẹ́ mọ̀: ṣé ó lè dìde lọ báyẹn? Ṣé kílọ́ọ̀bù ò ní sọ pé kó dá owó padà? Ilé tó ń kọ́ fún wa níbí kò tíì ní òrùlé, ọmọ mẹ́rin ló sì ń san owó iléèwé fún. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un.

Ìdáhùn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àníyàn. Ó lè fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Kò sí òfin kan, ì báà jẹ́ ti ilẹ̀ Faransé tàbí ti FIFA, tó lè fi tipátipá mú ènìyàn wọ pápá. Ohun tí kò lè ṣe ni kó kàn má padà síbi iṣẹ́ mọ́. Ibẹ̀ ni gbèsè ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀.

Àdéhùn agbábọ́ọ̀lù nílẹ̀ Faransé ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí, 30 oṣù Kẹfà ló sì sábà máa ń jẹ́. Kò dà bíi ti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó lè kọ lẹ́tà pé òun ń lọ, kó ṣiṣẹ́ oṣù kan tàbí méjì sí i, kó sì kó ẹrù rẹ̀. Irú àdéhùn ọlọ́jọ́ báyìí, ọ̀nà díẹ̀ ni òfin là sílẹ̀ láti já a kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé: kí tọ̀tún tòsì fohùn ṣọ̀kan, kí ọ̀kan nínú wọn ṣe àṣemáṣe ńlá, kí àjálù tí ẹnikẹ́ni ò lè dá dúró dé, tàbí kí dókítà iṣẹ́, ìyẹn dókítà tó ń yẹ ìlera àwọn òṣìṣẹ́ wò, sọ pé ara òṣìṣẹ́ náà ò gbé iṣẹ́ yẹn mọ́. "Ó ti sú mi" kò sí níbẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá dá já a, agbanisíṣẹ́ lè bèèrè owó tó tó ìpalára tó ṣe fún wọn. Okùn kan náà ló so kílọ́ọ̀bù: bí àwọn ló bá já a láìtọ́, ó kéré tán wọ́n á san gbogbo owó oṣù tó kù. Òfin yìí ni kò jẹ́ kí wọ́n lè lé àbúrò yín lọ́jọ́ tí kò bá gbá dáadáa.

Ohun kan náà ni ìlànà FIFA ń sọ: àdéhùn parí lọ́jọ́ tó dá, tàbí kí ẹ̀yin méjèèjì jọ fọwọ́ sí i pé ó ti parí. Ẹni tó bá já a láìsí ìdí tó tọ́, á san owó ìpalára tó ṣe. Lóòótọ́, ilé ẹjọ́ gíga ti àjọ ilẹ̀ Yúróòpù bu ẹnu àtẹ́ lu apá kan nínú ìlànà yẹn ní 4 oṣù Kẹwàá 2024, nínú ẹjọ́ Lassana Diarra, FIFA sì ti tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí agbẹjọ́rò tó bá máa gbà jẹ́ ẹni tó ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ò yí padà.

Ọmọkùnrin kan wá bá mi ní ọ́fíìsì mi níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), nítòsí ọjà Wàndó. Ó wá sílé fún ìsinmi, kò sì padà mọ́. Ó gbé báàgì ọ̀rá búlúù kan lé orí tábìlì mi. Lẹ́tà méje ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn láti ọ̀dọ̀ kílọ́ọ̀bù rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló bá a kó wọn wá láti ilé tó ń gbé lọ́hùn-ún. Kò tíì tú ẹyọ kan. Ó ní òun mọ ohun tó wà nínú wọn. Mo mú ọ̀bẹ, mo tú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára wọn ṣe tẹ̀ léra. Èyí àkọ́kọ́ ń béèrè bóyá ara rẹ̀ ò yá, bóyá ìṣòro wà nílé tí wọ́n lè bá a gbé. Ẹ̀kẹta ṣì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá kí wọ́n jọ jókòó. Láti ìkarùn-ún ni ọ̀rọ̀ owó ti wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo ka ti àkọ́kọ́ sí i létí ló bú sẹ́kún, kì í ṣe ti owó. Ká ní ó tú ìwé yẹn lọ́sẹ̀ tó dé, a ò bá tí lo ọdún méjì lórí ọ̀rọ̀ náà.

Nítorí náà, kí àbúrò yín sọ fún kílọ́ọ̀bù rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí sáà tó parí, kí wọ́n lè wá ẹlòmíràn. Kí ó má dá lọ. Ó lè lọ bá UNFP, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù nílẹ̀ Faransé. Ọmọ Áfíríkà wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀ ní 1961: Eugène N'Jo Léa, ọmọ Kamẹrúùnù tó gba ife líìgì Faransé pẹ̀lú Saint-Étienne ní 1957, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù, tó sì wá fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ di aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè. Ní ti manájà rẹ̀, ẹni tó ń bá a wá kílọ́ọ̀bù, kó gbọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kó rántí pé inú àdéhùn yẹn ni manájà ti ń jẹun.

Ohun tí wọ́n máa wá ni ìwé ìfohùnṣọ̀kan. Kí ọjọ́ tí owó oṣù máa dúró wà níbẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ pé ẹnì kankan ò jẹ ẹnì kankan mọ́. Kí ọ̀rọ̀ ilé àti mọ́tò kílọ́ọ̀bù hàn kedere, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bó bá tún wù ú láti gbá bọ́ọ̀lù níbòmíràn lọ́la, nítorí ìyẹn ni kílọ́ọ̀bù máa ń bẹ̀rù jù: kí ẹnì kan sọ pé òun fẹ̀yìn tì, kí wọ́n sì rí i ní ẹgbẹ́ mìíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ìwé ìfohùnṣọ̀kan ni André Schürrle, agbábọ́ọ̀lù Jámánì, fi lọ ní tirẹ̀. Òun ló gbé bọ́ọ̀lù fún Götze tí Jámánì fi gba ife àgbáyé ní 2014. Ní oṣù Keje 2020, ọmọ ọdún 29, òun àti Borussia Dortmund jọ fọwọ́ sí i pé kí àdéhùn parí nígbà tó ku ọdún kan, ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ló kéde pé òun ti fẹ̀yìn tì.

Ní ti owó tí ẹ ní wọ́n lè gbà padà: owó oṣù tó ti ṣiṣẹ́ fún, tirẹ̀ ni, wọn ò lè ní kó pọ̀ ọ́. Èyí tó yẹ kí ẹ wò dáadáa ni owó ìfọwọ́síwèé, owó ńlá tí wọ́n máa ń fúnni ṣáájú nítorí gbogbo ọdún tí wọ́n jọ ṣàdéhùn. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù tiwọn tó jẹ́ ti ọwọ́, Barry Sanders fẹ̀yìn tì ní 1999, onílàjà sì dá a lẹ́jọ́ pé kó dá apá kan owó yẹn padà fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Chris Borland ṣe sáà kan péré, ó dúró ní 2015 lọ́mọ ọdún 24 nítorí ó ń bẹ̀rù ohun tí ìkọlù orí lè ṣe fún ọpọlọ rẹ̀, ó sì dá èyí tó pọ̀ jù nínú tirẹ̀ padà. Andrew Luck ẹ̀wẹ̀, nígbà tó lọ ní 2019, ẹgbẹ́ rẹ̀ lè gba ohun tó lé ní mílíọ̀nù 24 dọ́là lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi sílẹ̀ fún un. Òfin tibẹ̀ yàtọ̀ sí ti Faransé, ṣùgbọ́n ẹ bi àbúrò yín: èló ló gbà lọ́jọ́ tó fọwọ́ sí ìwé, kí ni wọ́n sì kọ sí abẹ́ rẹ̀?

Ẹ ní kò ṣèṣe. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, kí ó tó kọ lẹ́tà kankan, kó lọ rí dókítà, kì í ṣe ti kílọ́ọ̀bù. Sebastian Deisler ti Bayern Munich fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní 2007 lọ́mọ ọdún 27. Orúnkún rẹ̀ dá a láàmú, ṣùgbọ́n ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le gan-an ti gbé e dé ọsibítù kí ìgbà yẹn tó dé. Bí irú ìyẹn bá ń bá àbúrò yín jà, ó lè gba ìsinmi àìsàn láìjá àdéhùn. Bí dókítà iṣẹ́ bá sì sọ pé kò lè ṣe é mọ́, kílọ́ọ̀bù ló máa san owó fún un kó tó lọ. Ẹni tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun kọ̀ṣẹ́ kí ó tó rí dókítà lè ti sọ ẹ̀tọ́ yẹn nù.

Mi ò ní kí bàbá má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún wọn pé Ash Barty fi tẹ́níìsì sílẹ̀ ní oṣù Kẹta 2022, lọ́mọ ọdún 25, nígbà tó wà ní ipò kìíní lágbàáyé. Nico Rosberg gba ife Formula 1 ní 2016, ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà ló ní ó tó. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ má ṣe fi ẹ̀tàn mú un wálé láàárín sáà. Bí kò bá sí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tó yẹ, ẹ ti bá kílọ́ọ̀bù kọ ẹjọ́ náà nìyẹn.

Ilé tí ẹ ń kọ́ ni mo ń rò jù. Yúrò kan jẹ́ 655.957 sẹ́fà. Bó bá jẹ́ 600 yúrò péré ló ń fi ránṣẹ́ lóṣù, 393,574 sẹ́fà nìyẹn. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fàyè gbà ní Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ 52,000. Ẹ̀ẹ̀meje rẹ̀ ò tó o. Kò sí ẹni tó máa dí àlàfo yẹn láàárín yín lóṣù kan. Ẹ mú ìwé àti bíírò, ẹ kọ gbogbo ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀ sílẹ̀, kí òun náà rí i. Owó tó bá wọlé títí di oṣù Kẹfà, ẹ fi kan páànù, ẹ fi ògiri ọgbà sílẹ̀. Owó iléèwé ọdún tó ń bọ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀ nísinsìnyí. Kí òun náà béèrè bí ìwé ìgbélùú rẹ̀ á ṣe rí bí iṣẹ́ bá parí, kó tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Bó bá sì wù ú láti máa bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù ní Kétu láìgba owó, kò sí èèwọ̀: FIFA ní kí 30 ọjọ́ kọjá lẹ́yìn eré tó gbá kẹ́yìn níbi iṣẹ́ kó tó forúkọ sílẹ̀.

Ẹ ní kó fi gbogbo ojú ewé àdéhùn náà ránṣẹ́ sí mi, àti àfikún tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní alẹ́ òní, ẹ pè é padà. Ẹ má tíì mẹ́nu kan ilé. Ẹ bi í bóyá ó ń rí oorun sùn, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ tirẹ̀ tán.