Ẹ̀rọ àtẹ́lẹwọ́ mi kò bá kọ̀ǹpútà tuntun sọ̀rọ̀ mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé agbo ilé wa ní agbègbè Ọjà'ba, ní Ìbàdàn níbí, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ náà. Ní ọdún 2004, àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ àtẹ́lẹwọ́ kan tó ń jẹ́ Palm Tungsten E ránṣẹ́ sí mi. Inú rẹ̀ ni mo ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹbí sí láti ìgbà náà: nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ ilé tó wà nílé àti lẹ́yìn odi, ọjọ́ ìpàdé, owó ìdáwó, àti ohun tí àwọn àgbà mẹ́ta sọ fún mi nípa ààlà ilẹ̀ oko wa kí wọ́n tó papò dà. Kọ̀ǹpútà tí mo ń so ó mọ́, tó ń lo Windows XP, jóná lọ́jọ́ tí iná mànàmáná dé lójijì tó sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sì bá a lọ. Ọmọ mi ti ra tuntun fún mi, Windows 11 ló wà lórí rẹ̀. A gbé Palm Desktop, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń bá Palm ṣiṣẹ́, láti inú sídíì sí i, ó sì ṣí, ṣùgbọ́n bí mo bá so wáyà tí mo sì tẹ HotSync, tó yẹ kó mú kí Palm àti kọ̀ǹpútà pàrọ̀ ohun tó wà nínú wọn, kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Queen Cinema ní kí n ju ẹ̀rọ náà nù, pé ó ti kú. Kò kú o, òun ni mo fi ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tí a ṣe lóṣù tó kọjá. Kí ni kí n ṣe?
Akọ̀wé Ẹbí, Ọjà'ba, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú àmójútó ẹbí. Kí a tó sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà rárá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀rọ náà sórí ṣájà, kí ẹ sì rí i pé orí inverter ni ṣájà ọ̀hún wà tí ẹ bá ní in. Tungsten E kò dà bíi fóònù tí ẹ ń lò lónìí. Iyàrá ìpamọ́ rẹ̀, tí kò ju 32MB lọ, ń di ohun tó wà nínú rẹ̀ mú níwọ̀n ìgbà tí bátìrì bá wà láàyè nìkan; bí bátìrì bá tán pátápátá, ẹ̀rọ náà yóò padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n yọ ọ́ nínú páálí, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà mẹ́ta yẹn yóò sì lọ bẹ́ẹ̀. Ihò kékeré kan tún wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n máa ń fi abẹ́rẹ́ tẹ̀. Títẹ̀ ẹ́ lásán kò léwu, ṣùgbọ́n ẹni tó bá di bọ́tìnnì iná mú bó ti ń tẹ̀ ẹ́ ti ṣí ọ̀nà ìparẹ́ gbogbo nǹkan nìyẹn. Nítorí náà, ẹ má ṣe fà á lé ẹnikẹ́ni tó ní òun fẹ́ “tún un ṣe” lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọ Queen Cinema yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ibi tó na ìka sí kọ́ ni ọgbẹ́ wà. Ẹ̀rọ yín yá gágá. Palm Desktop náà ń ṣiṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe rí i fúnra yín. Ẹni tí kò sí nílé ni ògbufọ̀ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní dráífà, tó yẹ kó dúró láàárín Windows àti wáyà USB. 32-bit, oríṣi ti àtijọ́, ni dráífà tí Palm ṣe, Windows 11 kò sì ní oríṣi mìíràn ju 64-bit, ti òde òní, lọ. Windows tó jẹ́ 64-bit a máa gba ètò 32-bit láàyè láti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ìdí nìyí tí Palm Desktop fi ṣí, ṣùgbọ́n kì í gba dráífà 32-bit wọlé rárá.

Wàhálà náà ti wà láti ìgbà tí Windows Vista ti jáde ní ọdún 2007. Palm kò ṣe dráífà USB fún 64-bit. Wọ́n ní kí àwọn oníbàárà lo Bluetooth tàbí Infrared (ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò rí) dípò wáyà. Tungsten E kò ní Bluetooth. Ó ní Infrared, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà òde òní kò ní ojú tí yóò fi rí i. Nígbà tó di ọdún 2010, HP ra Palm ní bílíọ̀nù 1.2 dọ́là, ní oṣù kẹjọ ọdún 2011 wọ́n sì kéde pé àwọn kò ní ṣe irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Kò sí ẹni tí a lè lọ bá pé kó wá tún ògbufọ̀ náà ṣe. Ohun tó kù fún wa ni kí a yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí a gba ibòmíràn kọjá.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbà kò fi wáyà ṣe rárá. Ojú ihò kan wà lórí Tungsten E tó ń gba mẹ́mórì káàdì SD. Ẹ wá káàdì kékeré tí kò ju 1GB lọ, nítorí ẹ̀rọ ìgbà náà kò mọ irú SDHC òde òní, tí ẹ bá sì ki 32GB bọ̀ ọ́, yóò kàn máa wò ó ni. Káàdì kékeré bẹ́ẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹ yẹ kámẹ́rà àtijọ́ tó wà nínú dúrọ́ọ̀ wò, tàbí kí ẹ bi fọ́tógíráfà tó ya ìnáwó yín ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn. Ẹ ní kí ọmọ yín ṣí àpò fáìlì kan sórí káàdì náà lórí kọ̀ǹpútà, kó pè é ní Palm, kó sì ṣí òmíràn sínú rẹ̀ tí yóò máa jẹ́ Launcher. Kó wá ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ FileZ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó sì fi fáìlì rẹ̀ tó parí sí .prc sínú Launcher yẹn. Bí ẹ bá ti ki káàdì náà bọ ẹ̀rọ, ẹ ó rí FileZ lójú rẹ̀, láìsí HotSync, láìsí dráífà.

Ẹ fi FileZ ṣe ẹ̀dà fáìlì mẹ́rin sórí káàdì: ContactsDB-PAdd (orúkọ àti nọ́ńbà), CalendarDB-PDat (ọjọ́ ìpàdé), MemosDB-PMem (ìwé kékeré tí ẹ ń kọ ọ̀rọ̀ sí) àti TasksDB-PTod (iṣẹ́ tó yẹ ní ṣíṣe). Ní kété tí wọ́n bá ti wà lórí káàdì, bátìrì lè kú bó bá wù ú. Kí ọkàn yín lè balẹ̀, ẹ dá káàdì padà sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì fi Notepad ṣí MemosDB-PMem. Ẹ ó rí àwọn àmì wúruwùru tí kò ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n láàárín wọn ni ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ wà, ó ṣeé kà bó ṣe rí, nítorí Palm kì í lọ́ ọ̀rọ̀ ìwé kékeré wọ̀nyẹn pọ̀. Tí ẹ kò bá ṣe ju èyí lọ, ohun tó ṣòro jù láti rí padà ti dọ́wọ́ yín.

Ní ti nọ́ńbà fóònù àti ọjọ́ ìpàdé, ẹ ṣì nílò Palm Desktop láti tú wọn síta létòlétò, ìyẹn sì ń fẹ́ Windows àtijọ́. Bí ọ̀rẹ́ tàbí akọ̀wé ìjọ kan bá ṣì ní kọ̀ǹpútà tó ń lo XP, ẹ yá a fún ọ̀sán kan. Èmi fúnra mi ìyẹn ni mo máa kọ́kọ́ wá. Bí kò bá sí, ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ VirtualBox, tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan gbé inú òmíràn: ẹ fi sídíì Windows XP yín sínú rẹ̀, ẹ gbé Palm Desktop lé e, Windows 11 kò sì ní mọ ohun tí àwọn méjèèjì ń sọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí XP náà bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí láti ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014 ni Microsoft ti ṣíwọ́ ìtọ́jú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀ lórí VirtualBox rèé, mo sì ti kọsẹ̀ níbẹ̀ rí fún odindi alẹ́ kan. Palm kì í dúró lójú ọ̀nà USB. Bí ẹ bá so wáyà lásán, kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ohunkóhun wà níbẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá tẹ HotSync ló máa ń yọjú, bí kò bá sì rí ẹni dá a lóhùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, yóò padà sùn. Ẹni tó bá fẹ́ máa fi ọwọ́ yàn án láàárín àkókò yẹn yóò pẹ́ jù ú. Kí ọmọ yín lọ sí USB Device Filters nínú VirtualBox, kó ṣe ọ̀kan tuntun, kó kọ 0830 sí ojú Vendor ID, èyí tó jẹ́ nọ́ńbà Palm, kó sì fi gbogbo ojú tó kù sílẹ̀ lófìfo. Láti ìgbà náà, bí Palm bá ti ń yọ orí ni XP inú lọ́hùn-ún yóò ti gbá a mú.

Kí ẹ tó tẹ HotSync àkọ́kọ́ yẹn, ẹ ṣí HotSync Manager lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ Custom sí, kí ẹ sì yan “Handheld overwrites desktop” fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Palm Desktop tuntun yín ṣófo. Bí ẹ bá ṣèèṣì yan òdìkejì rẹ̀, òfìfo yẹn ni yóò bo ohun tí ẹ ti ń kọ láti ọdún 2004.

Bí wọ́n bá ti wọlé, ẹ lo Export lábẹ́ File, kí ẹ kó àwọn orúkọ síta gẹ́gẹ́ bíi vCard, irú fáìlì orúkọ tó parí sí .vcf. Google Contacts ń gbà á, wọn yóò sì hàn lórí fóònù yín lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹnìkan lè sọ fún yín pé ilé iṣẹ́ Aceeca ní New Zealand, tó ń ṣe ẹ̀rọ Palm OS tirẹ̀, ní dráífà 64-bit tó ṣeé yí fún Palm mìíràn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ yí i gbọ́dọ̀ ní kí Windows dákẹ́ àyẹ̀wò òǹtẹ̀ dráífà, mi ò sì rí ìdí tí akọ̀wé ẹbí fi ní láti ṣí ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀ báyẹn. Ẹni tó bá mọ Linux, tí àwọn kan ń lò dípò Windows, lò ló rọrùn fún jù: dráífà tó ń jẹ́ visor wà nínú Linux tẹ́lẹ̀, J-Pilot sì ń ṣe iṣẹ́ Palm Desktop níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Aránṣọ ni mí ní Agbowó. Nokia ni mo lò tẹ́lẹ̀, mo sì máa ń kọ òṣùwọ̀n ara àwọn oníbàárà sí abẹ́ orúkọ wọn. Olè ti gbé fóònù náà, ṣùgbọ́n ẹ̀dà ìpamọ́ tí mo fi Nokia PC Suite ṣe ṣì wà lórí flash mi, fáìlì kan ṣoṣo tó parí sí .nbu. Kò sí ohun tó ń ṣí i. Ǹjẹ́ mo gbọ́dọ̀ ra irú Nokia náà mìíràn?
Ìyá Tàwa, Agbowó

ÌDÁHÙN: Ẹ má rà á. Ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ NbuExplorer ń ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lórí Windows òde òní láìsí fóònù kankan nítòsí. Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà sórí kọ̀ǹpútà ná, kí ẹ má bàa fi ojúlówó rẹ̀ tó wà lórí flash dánra wò. Àwọn orúkọ yóò jáde gẹ́gẹ́ bíi fáìlì .vcf, ẹ fi Notepad ṣí ọ̀kan nínú wọn kí ẹ tó kó wọn sórí fóònù tuntun, kí ẹ wò ó bóyá òṣùwọ̀n ara wà lójú ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NOTE. Bó bá wà níbẹ̀, yóò bá orúkọ wọlé. Fún ẹni tí Nokia rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́, kó má ṣe kó orúkọ gba inú SIM kọjá, nítorí SIM kì í gba àfikún àlàyé bẹ́ẹ̀. Kó fi Bluetooth rán wọn.

ÌBÉÈRÈ: (Nítorí pé bátìrì kò mọ ọjọ́ tí à ń tẹ ìwé ìròyìn, a ti fi ìdáhùn àkọ́kọ́ yẹn ránṣẹ́ sí Bàbá wa Ọjà'ba ṣáájú. Wọ́n ti fèsì.) Ọlọ́run yóò máa fún yín ṣe. Káàdì kámẹ́rà ìyàwó mi ni a lò, 512MB, ohun gbogbo sì ti jáde. Ìbéèrè méjì ló kù. Gbogbo orúkọ ni kò ní àmì ìsàlẹ̀: Ṣọlá di Sola, Ọ̀ṣun di Osun. Ṣé ọ̀nà tí a gbà ló yọ wọ́n ni? Èkejì, ṣé mo lè máa lo Palm mi lọ?

ÌDÁHÙN: Ọ̀nà tí a gbà kò yọ ohunkóhun. Álífábẹ́ẹ̀tì tí Palm ń lò ní á àti à nínú, ṣùgbọ́n kò ní ẹ, ọ àti ṣ, nítorí náà ẹ kò kọ wọ́n síbẹ̀ rí. Ẹ lè máa lò ó lọ, tí ẹ bá ń fi FileZ ṣe ẹ̀dà sórí káàdì lóṣooṣù. Kàlẹ́ńdà rẹ̀ kò kàn lè kọjá ìparí ọdún 2031, ìpàdé ọdọọdún tó bá tayọ ìgbà náà kò ní àyè nínú rẹ̀.

Orúkọ ènìyàn kò ṣòro, Ṣọlá yóò dáhùn bí ẹ bá pe Sola. Àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ni kí ẹ tètè gbé jókòó. Nínú èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, ẹ kọ ọ́ pé ààlà náà lọ “de odo Alao”. Ṣé odò Àlàó ni, tàbí ọ̀dọ̀ Àlàó? Omi ni ọ̀kan, ilé ẹni kan sì ni èkejì, ẹ̀yin nìkan ló kù tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó sọ ọ́. Ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tuntun yẹn lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì fi àmì sí i.